Màámi ní dandan ni kí ọmọ mu omi

Ìyá Tuntun, Leeds
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ìyá. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ 5 lónìí. Màámi ti dé láti Abẹ́òkúta, mo sì dúpẹ́, torí kí wọ́n tó dé, orí ìdúró ni mo ti ń jẹun. Àmọ́ wọ́n ní dandan ni kí ọmọ máa mu omi. Wọ́n ní hítà inú ilé yìí á ti gbẹ ọ̀fun rẹ̀, wọ́n tún bi mí bóyá èmi lè jẹ ẹ̀bà tán kí n má mu omi. Lánàá, mo jáde ní balùwẹ̀, mo bá ṣíbí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ó ṣì tutù. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kejì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a fẹ́ lọ rí dókítà, básì méjì ni mo máa wọ̀. Ọmọ yìí kì í dákẹ́ tí ebi bá ti dé, mi ò sì tíì fún un lọ́mú níta rí. Nílé, àǹtí mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, á máa ka owó, ọmú á wà lẹ́nu ọmọ, ta ló ń wò ó? Níbí, ojú ń tì mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ jẹ́ kí n mú ti básì, òun ló rọrùn. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Equality Act, ọdún 2010. Ẹni tó bá lé abiyamọ jáde nínú básì, nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ torí pé ó ń fún ọmọ lọ́mú, ó ti rú òfin. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kí ẹ lọ jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ta ló ń jẹun níbẹ̀?

Aṣọ lẹ máa fi ṣe ọgbọ́n. Ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́, ẹ wọ bùbá tó fẹ̀ lé e. Ẹ gbé bùbá sókè, ẹ fa síńgílẹ́ẹ̀tì wálẹ̀. Ikùn ò ní hàn, ọmú ò ní hàn, orí ọmọ á bo ìyókù. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níwájú dígí nílé. Ẹ má sì dúró di ìgbà tó bá figbe ta. Tó bá ti ń fa ọwọ́ mu, tó ń yí orí kiri, ẹ fún un kíá. Igbe ọmọ ló ń jẹ́ kí gbogbo básì yíjú padà.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Glasgow
Ti Scotland tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ṣòfin pé ẹni tó bá dá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kọ́ láti fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ní wàrà níta, ó ti dá ẹ̀ṣẹ̀. Ìyàwó mi kì í tiẹ̀ wojú ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà àkọ́bí wa, èmi ni mo máa ń dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri, títí ó fi sọ fún mi pé èmi gan-an ni mo ń jẹ́ kí àwọn èèyàn wò ó.

Ìyá Hasanat, East London
Kí n sọ òótọ́, òyìnbó ò yọ mí lẹ́nu rí. Àwa ni. Ibi ìkómọ kan tá a lọ, àǹtí kan tó wọ léèsì dìde látọ̀ọ́kán wá ju ìborùn lé mi lórí, ó ní "níbí, a kì í ṣe é báyìí". Èmi àti ọmọ ń làágùn lábẹ́ ìborùn. Mo rò ó pé àwọn ìyá wọn ńkọ́, ṣé abẹ́ ìborùn ni wọ́n ti fún wọn lọ́mú ni? Kùránì, Al-Baqarah 233, ní kí ìyá fún ọmọ lọ́mú fún ọdún 2 gbáko, fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é pé. Kò dárúkọ ìborùn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham
Ẹ jẹ́ ká padà sórí omi, ìyẹn ló ń kọ mí lóminú. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ọmú nìkan ni fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí ẹ̀kọ. Omi ló pọ̀ jù nínú ọmú fúnra rẹ̀, ọmọ ti mu omi kí ẹ tó ronú kàn án. Tí omi bá kún ikùn kékeré yẹn, kò ní fẹ́ ọmú mọ́, bí kò bá sì mu ún, ọmú á dín kù. Kídìnrín rẹ̀ náà ò tíì gbó. Bí omi bá pọ̀ jù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìyẹn sì lè fa gìrì. Ọ̀rọ̀ gìrì yìí ni kí ẹ bá màmá sọ. Wọ́n mọ gìrì ju èmi àti ẹ̀yin lọ.

Ẹ fi ìlédìí hàn wọ́n pẹ̀lú. Tí èyí tó tutù bá tó 6 láàárín wákàtí 24, òùngbẹ ò gbẹ ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa fi kún ọmú ni fítámì D, ìwọ̀n 8.5 sí 10 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́, torí oòrùn ibí ò tó awọ dúdú wa.

Ẹ má sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ màmá o. Ẹ ní kí wọ́n máa gbé omi wá fún ẹ̀yin nígbàkígbà tí ọmọ bá ń mu.

Màmá Àgbà, Manchester
Èmi ni irú màmá tí ẹ ń wí yìí. Ọmọ 5 ni mo fi omi àti àgbo tọ́, Ọlọ́run ló dá wọn sí. Omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki, tó pọ́n bí ìyeyè, ilẹ̀ la ń fún un sí nígbà tiwa, wọ́n ní ó dọ̀tí. Nígbà tí ọmọ mi bímọ níbí, nọ́ọ̀sì ń fi ṣíbí gba èyí tó kán sílẹ̀ bí ẹni ń ṣa góòlù. Mo panu mọ́.

Ìyá ọkọ mi tiẹ̀ kó mi lọ sọ́dọ̀ wọn fún ọdún 2, pé bí ọkọ bá sún mọ́ mi, àtọ̀ á ba omi ọmú jẹ́. Irọ́ ni, àmọ́ ìfètò sọ́mọ bíbí ni, ọmọ mi kankan ò gun ara wọn lẹ́yìn.

Ẹ má kó gbogbo tiwa dà nù. Ọmọ mi ń sunkún, orí ọmú ti bó. Èmi ni mo jókòó tì í: imú ọmọ ni kó kọjú sí orí ọmú, kó la ẹnu gbàǹgbà, kó gba púpọ̀ nínú dúdú tó yí i ká, kí àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọmú. Ọjọ́ kẹta, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Bọ́látitọ́, Houston
Fún àwa tí a máa padà síṣẹ́ kíákíá: òfin Amẹ́ríkà kan, PUMP Act ti December 2022, ní kí wọ́n fún yín láyè àti yàrá tí kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti fún omi ọmú sínú ìgò, títí ọmọ á fi pé ọdún kan. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi ibi tí wọ́n ń kó bébà sí hàn mí, kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo tẹ òfin náà jáde, mo fi sórí tábìlì rẹ̀. Tí ẹ bá gbé omi ọmú náà sínú fíríìjì, ọjọ́ 4 ni wọ́n fún wa níbí. NHS yín, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ní ó lè tó ọjọ́ 8 tí fíríìjì bá tutù dé ìwọ̀n 4°C. Ẹ̀yìn pátápátá ni kí ẹ gbé e sí, ẹ má gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn.

Ìyá Tuntun, Leeds
A ti lọ, a ti bọ̀. Básì kejì ni ebi dé. Màámi na ìborùn wọn bíi kọ́tìnì, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, "ẹ kú ìrìn o", ọmọ sì mu títí ó fi sùn. Ọ̀rọ̀ gìrì wọlé. Nísinsìnyí, fúláásì ògì tèmi ni wọ́n ń gbé kiri, bí mo bá ti jókòó báyìí, ife ti dé ẹnu mi. Ṣíbí yẹn, wọ́n ti wé e sínú hańkáṣíìfù, ó wà nínú àpótí wọn. Wọ́n ní oṣù 6 ò jìnnà.