Àkójọ ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe atúmọ̀ èdè

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo àbá tó wá lórí orúkọ Yorùbá tí a ó fún fáìlì tí ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà ń pa ọ̀rọ̀ wa mọ́ sí, nígbà tí a bá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tó fa ìlà pupa kọ́lọkọ̀lọ sí nídìí kò ní àṣìṣe. Àwọn kan ní "ìwé atúmọ̀ èdè àdáni", àwọn mìíràn ní "àpótí ọ̀rọ̀". N kò fara mọ́ ti àkọ́kọ́ rárá.

Ẹ ṣí CUSTOM.DIC, irú fáìlì yìí tí Microsoft Word ń lò, wò. Ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà kan ni, kò sí ìtumọ̀, kò sí àpẹẹrẹ, kò sí ìsọ̀rí. Ohun tí kò túmọ̀ nǹkan kan, kí la fẹ́ torí rẹ̀ pè é ní atúmọ̀? Àpótí ò burú létí, àmọ́ ibi tí nǹkan wà nìkan ló ń sọ, kò sọ pé ẹnì kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà wọ́n jọ. "Àkójọ ọ̀rọ̀ àdáni" ni tèmi.

Lórí àṣẹ méjì tó máa ń jáde bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ tí ìlà pupa wà nídìí rẹ̀, "Fojú fò ó" dára fún "Ignore". "Gbà á" tí wọ́n dábàá fún "Add to Dictionary" ni kò tó, torí ẹlòmíràn lè rò pé àtúnṣe tí ẹ̀rọ dábàá lòun ń gbà. "Fi kún àkójọ" kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni àkójọ kejì, èyí tí LibreOffice, ètò ìkọ̀wé mìíràn, ń jẹ́ ká ṣe fún ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ rí nínú ìwé wa. Bí a bá kọ ọ́, ìlà pupa á yọ, a sì lè kọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àbá tó wà nílẹ̀ ni "àkójọ àṣìṣe". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká lò ó. Ẹni tó ń tẹ ìwé lóde òní lè fi "aiye", "enia", "ẹiyẹ" àti "nwọn" síbẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa rán an létí "ayé", "ènìyàn", "ẹyẹ" àti "wọ́n" tí àkọtọ́ 1974 fọwọ́ sí. Ṣé àṣìṣe ni "aiye" nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ kó tó di 1974? Rárá o. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ẹni tó bá sì ń da irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ gbọ́dọ̀ lè pa àkójọ yìí tì fún ìgbà díẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "àkójọ èèwọ̀". Ohun tí ilé kan ń jẹ lè jẹ́ èèwọ̀ fún ilé kejì, kò sì sọ oúnjẹ náà di májèlé. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni "àṣìṣe" kò lè gbé.

Ó ku ohun kan tí orúkọ nìkan kò lè yanjú. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́ nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹnì kan lè tẹ U+1EB9 (ẹ) kó fi U+0301 (àmì ohùn òkè) lé e, ẹlòmíràn lè tẹ U+00E9 (é) kó fi U+0323 (àmì tótó) sí i nídìí. Àwọn kan tilẹ̀ ń lo U+0329, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, dípò àmì tótó. Ojú wa lè má mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n ètò tí kò bá sọ kóòdù di ọ̀kan kó tó wá ọ̀rọ̀ á kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á sì tún fa ìlà pupa sídìí ọ̀rọ̀ tí a ti fi kún àkójọ. Mo ń pe iṣẹ́ àtúnṣe yẹn ní "ìsọdọ̀kan kóòdù". Bí ẹ bá ní èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ṣe tán láti gbà á.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní "èèwọ̀" ti gbé ìsìn lọ́wọ́ jù. Kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá nígbà náà, ṣùgbọ́n kó má ṣe pe "aiye" ní àṣìṣe.