Wífọ́ọ̀nù fún Ojúde Ọba: ṣé kí a rán an ni, tàbí kí a fi góòmù lẹ̀ ẹ́?

Ọmọ Òkè-Àjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) wa ti délẹ̀, gèlè pẹ̀lú ti délẹ̀, irun nìkan ni ó kù tí mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lé lórí kí Iléyá tó wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti jó ní Ojúde Ọba rí mọ̀ pé láti òwúrọ̀ ni a ó ti wà nínú oòrùn pẹ̀lú gèlè lórí. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, a ó tún kọjá sí àríyá, níbi tí mo ti fẹ́ ṣí gèlè kúrò kí irun lè hàn. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé irun ẹ̀bátí mi ti ń tínrín, àwọn kókó wẹ́wẹ́ a sì máa yọ sí ibẹ̀ nígbàkúgbà tí wọ́n bá dì í le jù. Onídìrí mi fẹ́ fi góòmù lẹ fírọ́ńtà, ìyẹn nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán irun sí, mọ́ iwájú orí mi nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ yá. Màmá mi ní tiwọn sọ pé kí n jókòó kí àwọn fi òwú kó irun mi, kí n yé da ara mi láàmú.

Ní ti irun fúnra rẹ̀, mo rí méjì lórí àtẹ kan náà tí ojú mi kò lè yà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n owó ọ̀kan ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ẹni tí ó ń tà á ní irun àwọn ará Bràsíl ni èyí tí ó wọ́n. Báwo ni ènìyàn ṣe ń dá irun gidi mọ̀, ọ̀nà wo ni kí n sì gbà so ó mọ́ orí tí kò ní ba ìwọ̀nba tí ó kù ní ẹ̀bátí mi jẹ́?

Onídìrí Sàbó, Ṣágámù:

Àǹtí mi, ẹ kú ìmúra Iléyá. Oríṣi méjì pàtàkì ni ó wà lórí àtẹ: irun tí ó hù lórí ènìyàn, àti irun àtọwọ́dá tí ilé iṣẹ́ ń fà jáde bí òwú. Àtáṣímẹ́ǹtì tí gbogbo wa fi ń dirun, irun àtọwọ́dá ni. Èyí tí ó lókìkí jù nínú rẹ̀ ni Kanekalon, tí ilé iṣẹ́ Kaneka ní ilẹ̀ Jàpáàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1957. Kò wúwo, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ooru a máa mú un yọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń ti ẹnu irun tí a dì bọ omi gbígbóná kí ó má baà tú. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí áyọ́ọ̀nù irun kàn án, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀ pé ó gba ooru.

Púpọ̀ nínú irun ènìyàn ń wá láti Íńdíà, níbi tí àwọn olùjọ́sìn ti ń fá orí wọn fún òrìṣà ní àwọn tẹ́ńpìlì bí i ti Tirumala, tí àwọn alábòójútó tẹ́ńpìlì a sì tà á ní gbàǹjo. Ṣáínà ni wọ́n ti ń rán púpọ̀ rẹ̀ di wífọ́ọ̀nù. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ Bràsíl tàbí Peru, orúkọ àrà irun ni ẹ kà á sí. Kò sọ ibi tí orí tí wọ́n ti gé e wà.

Láti dá irun gidi mọ̀, ẹ fa fọ́nrán bí i mẹ́ta yọ, kí ẹ ṣáná sí i lórí àwo. Irun ènìyàn a máa rùn bí ìyẹ́ adìẹ tí a ń wí, eérú rẹ̀ a sì rún láàrin ìka. Irun àtọwọ́dá a yọ́, a ká kò, a sì di kóró líle bí ó bá tutù. Bí ẹ bá rí méjèèjì nínú ìdì kan ṣoṣo, wọ́n ti lú u pọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n iná kò lè sọ fún yín bóyá irun ènìyàn náà dára. Ara fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò rí, gbogbo wọn ni wọ́n sì dorí kọ ẹnu irun. Irun tí wọ́n gé, tí wọ́n sì tò kí gbòǹgbò gbogbo rẹ̀ lè wà ní apá kan, òun ni à ń pè ní Remy, kì í sì í tètè so kọ́ra. Èyí tí wọ́n ṣà jọ nílẹ̀ àti lára òòyà, tí orí àti ìdí rẹ̀ ti dàrú, ásíìdì ni wọ́n fi ń bó ìpẹ́ ara rẹ̀, wọ́n a wá fi silikónì kùn ún kí ó lè máa dán. Ìyẹn ni yóò tàn yòò lórí àtẹ, tí ẹ óò fọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tí yóò sì di ìtẹ́ ẹyẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ fi ìka méjì di fọ́nrán kan mú, kí ẹ fi ìka yẹn sọ̀ kalẹ̀ láti gbòǹgbò dé ẹnu, kí ẹ sì tún fi gòkè padà. Irun tí ìpẹ́ rẹ̀ ṣì wà yóò yọ̀ bọ̀rọ́ ní ìlọ, yóò sì máa ha ọwọ́ díẹ̀ ní àbọ̀.

Ní ti síso mọ́ orí, rírán ni mo fara mọ́. A ó kọ́kọ́ di irun tiyín ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ orí, a ó fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, a ó wá fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ rán tíráákì, ìyẹn etí wífọ́ọ̀nù tí wọ́n rán fọ́nrán mọ́, mọ́ ọn. Gbogbo ẹrù wífọ́ọ̀nù náà, tí ìdì kan sábà máa ń wọn nǹkan bí 100 gíráàmù, orí ẹsẹ̀ irun wọ̀nyí ni yóò gbé kà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n rán ohunkóhun mọ́ ẹ̀bátí yín. Kí ó fi bí ìbú ìka méjì jìnnà síbẹ̀, kí wọ́n sì fi irun wẹ́wẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ láìdì. Fírọ́ńtà tí ó ti etí kan dé èkejì, 13 íǹṣì sí 4, owó àṣedànù ni lójú tèmi fún ẹni tí yóò wé gèlè, nítorí pé abẹ́ gèlè ni yóò sùn sí ní gbogbo ọ̀sán, pínnì gèlè a sì máa kọ́ ọ ya. Kílóṣà, nẹ́ẹ̀tì onírun bí i fírọ́ńtà tí ó kéré, 4 íǹṣì sí 4, tí a rán sí àárín iwájú orí, ti tó fún àríyá alẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́:

Àbúrò mi, nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀rọ̀ kókó wẹ́wẹ́ yẹn sì ká mi lára ju ọ̀rọ̀ wífọ́ọ̀nù lọ. Kókó tí ń yọ nídìí irun, ìrora tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè gbé orí lé ìrọ̀rí ní alẹ́ ọjọ́ tí ó dirun, àti irun kúkúrú tí ń já létí, àmì ni gbogbo wọn pé wọ́n ń fa gbòǹgbò irun náà. Bí o bá tètè dẹwọ́, irun náà lè padà hù. Bí fífà náà bá di ọlọ́dún gbọọrọ, ihò tí irun ń gbà jáde a di àpá, kò sì sí òróró orí tí yóò hù ú padà mọ́. Irun orí kì í sábà gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lọ láàrin oṣù kan, nítorí náà má retí pé ẹ̀bátí yóò ti kún kí Iléyá tó dé.

Góòmù wífọ́ọ̀nù ńkọ́? Oje rọ́bà wà nínú púpọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ a máa yún bí ó bá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tàbí tí ètè rẹ̀ a máa wú bí ó bá fẹ́ bàlúùnù, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kan orí òun rárá, nítorí pé ó lè dí èèmí mọ́ ọn nínú. Bí ó bá sì ti wà lórí ẹnikẹ́ni, òróró ni kí ó fi rẹ ẹ́ títí yóò fi dẹ̀; bí ó bá fà á ní gbígbẹ, irun tirẹ̀ ni yóò bá a lọ. Lẹ́yìn Iléyá, wá oníṣègùn awọ ara rí. Ṣágámù tí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà kò jìnnà sí yín.

Alátẹ Irun, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Onídìrí lórí Bràsíl, ṣùgbọ́n ẹ má sọ gbogbo àwa tí à ń tà á di ẹlẹ́tàn. Orúkọ tí àwọn tí ó kó o wọlé ní Èkó bá pè é fún wa ni àwa náà ń pè é. Ìyàtọ̀ owó tí ẹ rí lè ní ìdí mìíràn. Irun méjì lè jẹ́ ti ènìyàn, kí ọ̀kan jẹ́ double drawn, èyí tí wọ́n ti ṣa àwọn fọ́nrán kúkúrú kúrò nínú rẹ̀ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè kún bí òkè. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó. Irun tí ó lọ́ pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n nà án ni wọ́n wọn gígùn rẹ̀, nítorí náà 18 íǹṣì rẹ̀ kì í dé ibi tí 18 íǹṣì bone straight, irun tí ó nà gbọnrangandan, ń dé. Ẹ tún yí tíráákì wò: èyí tí wọ́n rán ní ìlọ́po méjì kì í tètè tú fọ́nrán sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì gé e láàrin, yóò máa já fọ́nrán sílẹ̀ ni.

Èmi kò sì ní fi dandan lé irun ènìyàn fún àríyá ọjọ́ kan. Ẹni tí yóò fọ̀ ọ́, tí yóò pa á láró, tí yóò sì tún un lò ni owó rẹ̀ yẹ fún.

Ọmọ Òkè-Àjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti pa ọ̀rọ̀ góòmù tì. Bí mo bá wá gba ti màmá mi, tí wọ́n fi òwú kó irun mi, ṣé mo lè dé wíìgì lé e lálẹ́, àbí wíìgì náà yóò fa ẹ̀bátí?

Onídìrí Sàbó, Ṣágámù:

Màmá kò jẹ̀bi, àmọ́ irun kíkó máa ń ga, gèlè kò sì ní jókòó dáadáa lé e. Òwú pàápàá a máa fa irun etí bí wọ́n bá so ó le. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n di kòlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́ fún yín, kí ó má le. Wífọ́ọ̀nù tí ẹ bá rà, ẹ jẹ́ kí onídìrí yín rán an pẹ̀lú kílóṣà rẹ̀ mọ́ fìlà nẹ́ẹ̀tì, kí ó di wíìgì tí ẹ lè bọ́ nígbàkúgbà. Kí ó fi okùn wọn orí yín, láti iwájú dé ìpàkọ́ àti láti etí dé etí, nítorí pé fìlà tí ó bá fún ni í fa irun. Bí òòyà kékeré bá wà nínú fìlà náà ní ẹ̀bátí, ẹ ní kí ó tú u kúrò, kí rọ́bà ẹ̀yìn nìkan máa dì í mú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹ bá ti ṣí gèlè, ẹ nu òógùn orí yín kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dé e, nítorí pé orí tí a fi wíìgì bò ní tútù máa ń yún, a sì máa rùn.