Forfait WhatsApp mi ń lọ geere, àmọ́ líǹkì ò ṣí: ṣé ojúsàájú ni?

Aránṣọ Kétu:
Ẹ kú ilé o. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo wà, aṣọ ni mò ń rán. Orí WhatsApp làwọn oníbàárà ti ń fi àwòrán sítáì ránṣẹ́ sí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ra forfait (dátà tí wọ́n dì tà) ti WhatsApp nìkan, torí kò wọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó ojú-ọ̀nà kan ní kí n rán bùbá òun bí èyí tó wà lórí ìkànnì kan, ó wá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ojú fóònù funfun báláú. WhatsApp sì ń wọlé ní tiẹ̀! Mo ra forfait tó tóbi, ó ṣí. Nígbà tó di aago mẹ́jọ alẹ́, fídíò ò lọ mọ́, ó ń yí bí òkòtó. Ọmọ mi ní òfin kan wà lókè òkun tó ní kí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì má ṣojúsàájú. Ṣé irú rẹ̀ á jẹ́ kí tèmi yá?

(Ẹ má ní kí n gun orí òkè o. Mo ti gùn ún, nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà ni fóònù mi lọ mú wá láti ọ̀nà Ìlárá.)

Alátùn-únṣe Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́, mọ̀mọ́. Ọ̀ràn méjì lẹ dì sínú ẹrù kan.

Forfait yẹn, ojúsàájú ni lóòótọ́: ilé iṣẹ́ ló bá yín yan ohun tẹ́ ẹ lè wò. Tim Wu, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Amẹ́ríkà, ló sọ àìṣojúsàájú tí ọmọ yín ń wí yìí ní “net neutrality” lọ́dún 2003. Ní Íńdíà, TRAI, àjọ tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ fóònù, ka irú ọjà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ lọ́dún 2016, bí Free Basics ti Facebook (ìkànnì díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́) ṣe kú níbẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá ṣe é níbí, forfait olówó kékeré yín bá a lọ.

Ti alẹ́ yẹn yàtọ̀. Òpó kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò ń fa dátà lára rẹ̀, bí ẹ̀rọ omi tí gbogbo ilé gbé korobá tì. Òfin lè ní kí wọ́n má fi ẹnikẹ́ni ṣáájú, kò lè pọn omi kún un. Ẹ dán an wò: ẹ ṣí fídíò kan náà ní ìdájí, kẹ́ ẹ tún ṣí i lálẹ́. Tí gbogbo nǹkan bá ń falẹ̀ lálẹ́, èrò ló pọ̀. Tó bá jẹ́ ìkànnì kan ṣoṣo ló ń wọ́, ẹ fi VPN (áàpù tó ń bo ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì) wò ó, torí ilé iṣẹ́ ò ní rí ohun tẹ́ ẹ ń wò. Tó bá wá sáré, ó jọ pé wọ́n ń dì í mú.

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ má gbàgbé ìjọba o. Ní 2018 wọ́n fẹ́ gba 5 fráǹkì lórí méga kọ̀ọ̀kan tá a bá fi wo Facebook àti WhatsApp. Ariwo #TaxePasMesMo (“ẹ má gba owó orí lórí méga mi”) sọ, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án. Lọ́jọ́ ìbò 28 oṣù kẹrin 2019 ńkọ́? Wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo wa pọ̀. Kò sí ojúsàájú níbẹ̀ rárá.

Aránṣọ Kétu:
Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín! Mo ti dán an wò. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, fídíò lọ láìdúró. Aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo rẹ̀ kú, tó fi mọ́ ìpè WhatsApp. Èrò ni. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ibo là ń gbé ẹjọ́ òpó kan ṣoṣo lọ?

Alátùn-únṣe Àjàṣẹ́:
Ilé iṣẹ́ yín lẹ ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ lọ bá ARCEP, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ fóònù, ní Kútọnu. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ojú fóònù.

Aránṣọ Kétu:
Ẹ ṣé. Forfait kékeré mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi o. Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé líǹkì ò ní ṣí, n ò bá má jókòó tì í láàárọ̀ Sátidé. Ìdájí ni mo ń wa sítáì sílẹ̀ báyìí. Bùbá ìyàwó ti fẹ́ parí, ó ku ọrùn.