Ẹ̀rọ ìfọ́ ekùrọ́ tuntun tó ń há: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo béèrè ìdí tí ẹ̀rọ ìfọ́ ekùrọ́ tí wẹ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún wa ní Adó-Èkìtì fi ń há: ekùrọ́ á kún àrọ òkè dẹ́nu, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ sínú ìlù ẹ̀rọ tó ti ń fọ́.

Ẹni tó ní ká yẹ àrọ náà wò ló mọ̀ ọ́n. Irin rẹ̀ tẹ́jú jù, ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ sì rí ṣágiṣàgi nínú. Ibẹ̀ gan-an ni ekùrọ́ ti ń fún ara wọn pa. Wẹ́dà gbé e dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i, ó sì lọ ojú ìjó náà títí ó fi dán. A tún fa bẹ́líìtì le.

Àmọ́ ẹ má fojú kékeré wo gbígbẹ o. Bí ekùrọ́ bá tutù, ọmọ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èèpo. Bó bá gbẹ, ọmọ á sún kì, á yọ wẹ́rẹ́. Ẹ sá a dáadáa, pàápàá lásìkò òjò. Bó bá sì há, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì kẹ́ ẹ tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Inú àwọn ìyá wa tó ń lò ó ti dùn. Ẹ ṣeun gan-an, mo pa ìbéèrè yìí dé.