Ẹyẹ tí mo rí ní Loch Garten

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹyẹ kan tí mo rí fún yín. Oṣù keje ni, èmi àti ọkọ mi wakọ̀ láti Glasgow lọ sápá Highland ní Scotland, a dé Loch Garten láàárọ̀ kùtù. Loch ni wọ́n ń pe adágún níbẹ̀. Omi yẹn dúdú bíi tíì tí wọn ò tíì da mílíìkì sí, mo rò pé ó dọ̀tí ni, àfìgbà tí mo bù ú sọ́wọ́ tó mọ́ kedere, àṣé koríko àtewé tó ti ń jẹrà nínú àbàtà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Igi páínì ló yí i ká, èèpo wọn lókè pọ́n bíi pé wọ́n fi osùn pa á, ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ náà pupa. Kantíkantí ibẹ̀ ò dáa ṣá, tí atẹ́gùn bá ti dáwọ́ dúró wọ́n á bò yín.

Àfi bí ẹyẹ osprey ṣe yọ, irú àṣá kan tó ń pẹja. Ó dúró lójú kan lókè, ó ń ju apá, ló bá já wálẹ̀ gbàà, ẹsẹ̀ ló fi wọmi! Ó gbé ẹja jáde, ó gbọn omi dànù, ó wá yí orí ẹja síwájú kó lè rọrùn láti gbé fò. Mi ò lè mí.

Wọ́n ti pa ẹyẹ yìí run ní Scotland tẹ́lẹ̀ o. Ọdún 1954 ni méjì nínú wọn wá kọ́ ìtẹ́ sórí igi ní Loch Garten, nígbà tó di 1958 olè gun igi lóru, ó kó ẹyin wọn, ẹyin adìyẹ tó fi pólíìṣì bàtà kùn ló fi rọ́pò. Inú bí mi gan-an nígbà tí mo gbọ́. Wọ́n wá ń ṣọ́ ọ tọ̀sántòru, 1959 ni wọ́n ní káráàlú máa wá wò ó.

Èyí tó mú omi bọ́ lójú mi ni pé Senegal àti Gambia lọ̀pọ̀ wọn ń lọ tí òtútù bá dé. Ìyá á kọ́kọ́ lọ, bàbá á dúró bọ́ àwọn ọmọ, ọmọ tí ò ju bí oṣù mẹ́ta lọ á wá dá nìkan fò dé Áfíríkà, kò sẹ́ni tó mú un dání, kò débẹ̀ rí. Oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń padà, a ti ní a ó lọ pàdé wọn.