Mẹkáníìkì obìnrin ni mí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ẹ gbọ́ tèmi náà

Ọ̀nà Ìlọrin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí bàbá mi ò bá mi jà, ìyá mi ló yarí, wọ́n ní ta ló máa fẹ́ ọmọ tí gíríìsì kún abẹ́ èékánná ẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí tó ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá gbowó o, àmọ́ kí n ṣáà máa gbálẹ̀, kí n lọ ra oúnjẹ, kí n fi pẹtiróòlù fọ páàtì, tí wọ́n bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì báyìí àwọn ọmọkùnrin tí mo ṣáájú dé ni wọ́n máa pè, wọ́n á ní obìnrin ò lágbára ẹ̀. Agbára wo? Jáàkì ló ń gbé mọ́tò, ṣéènì ló ń fa ẹ́ńjìnnì sókè, bóòtì tó bá sì le, ẹ ki páìpù bọ ìdí sípánà, á tú.

Camry kan wá wọlé lọ́jọ́ kan, ó ń gbóná ṣáá, wọ́n ti pààrọ̀ tẹmositáàtì, wọ́n ti fọ rédíétọ̀, pàbó. Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì ti rí bíi tíì oní mílíìkì. Mo ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, omi ti ń wọnú ọ́ìlì, ẹ má sítáàtì ẹ̀ mọ́ o, kó má lọ nọ́ọ̀kì. Ọ̀gá wò ó títí, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n na sípánà sí mi. Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ́ mi níṣẹ́.

Àwọn tó ń ní kí obìnrin máa ṣe mẹkáníìkì kò bá àṣà mu, ṣebí ọkùnrin ló ń hun òfì láyé àtijọ́, aṣọ kíjìpá ni àwọn ìyá wa ń hun ní tiwọn, ẹ lọ wo Ìsẹ́yìn lónìí bóyá ẹ ò ní bá obìnrin nídìí òfì. L'Ékòó ńkọ́, Sandra Aguebor ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ mẹkáníìkì láti 2004.

Títí dòní kọ́sítọ́mà á wọlé, á kọjá lára mi, á lọ bi ọmọ iṣẹ́ mi pé ọ̀gá dà. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá ti gbowó ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ má sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi báyìí tó ti ń dá tú búréèkì. Àyè ẹlòmíì ṣì wà, ẹni tó bá fẹ́ kó yà wá.