Ìrìn àjò ẹgbẹ́: ìwé orúkọ, oúnjẹ àti àkókò

Akọ̀wé ẹgbẹ́:
Ìwé orúkọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ẹ ń lọ. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ gba àwòrán ojú ewé tí fọ́tò wà nínú ìwé ìrìnnà olúkúlùkù, kí ẹ sì da orúkọ kọ láti inú rẹ̀. Orúkọ tí a ń pe ara wa nípàdé kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. Bí ti tíkẹ́ẹ̀tì bá yàtọ̀ sí ti ìwé ìrìnnà, wọ́n lè dá onítọ̀hún padà. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé náà máa parí pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń fẹ́ kó ṣì ku oṣù 6. Bí wọ́n bá ń béèrè káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó sáré gbà á lọ́sẹ̀ ìrìn àjò ti pẹ́ jù.

Alásè:
Ẹ kú àlàyé. Ẹ má kàn bi àwọn èèyàn pé "Kí lẹ kì í jẹ?" Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdáhùn rẹ̀ pín sí: ohun tí ẹ̀sìn kò gbà, ohun tí ara kò gbà, àti èyí tí kò kàn wù wọ́n. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba edé, ṣíṣa edé kúrò nínú àwo kò tó rárá. Òróró tí wọ́n fi dín edé, bí wọ́n bá tún fi dín ànàmọ́, ànàmọ́ náà ti di ewu fún un. Ọ̀bẹ àti pákó tí wọ́n fi ń gé nǹkan gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé ìdáná, kí ẹ sì ní kí wọ́n kà á padà sí yín létí.

Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ tọ́ oúnjẹ ibẹ̀ wò ni, oríṣi oúnjẹ 5 tàbí 6 ti tó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ẹnu méjì-mẹ́ta lọ. Èyí tí adùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ ni kó ṣáájú, kí èyí tó ta gbẹ̀yìn. Bí ata bá ti ta ahọ́n, kò ní í mọ adùn mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Wàrà ni kí ẹ fi rọ̀ ọ́. Èròjà tó ń ta nínú ata kì í yòrò sómi, ìdí nìyẹn tí omi kì í fi í ràn án lọ́wọ́.

Afinimọ̀nà:
Àkókò ló kù. Èmi ò fara mọ́ ètò tó bá ní ju ibi 2 lọ kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní yàrá 2: bí èèyàn 30 bá lo ìṣẹ́jú 2 péré lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ààbọ̀ wákàtí ti lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n kọ sínú ètò.

Ẹ yẹ ọjọ́ ìsinmi wò. Louvre, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris, máa ń tì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ aṣọ náà, kí ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó di ẹrù: ní ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Vatican, ẹni tó ṣí èjìká tàbí orúnkún sílẹ̀ kò ní í wọlé. Ní ti fọ́tò, ẹnì kan ni kó lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ onílé kí ọkọ̀ tó dúró, kó sì kéde ìdáhùn fún gbogbo èèyàn nínú ọkọ̀.